Ìtẹ̀mọ́ Kì í Ṣe Ohùn

Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá tú ewì ìfẹ́ Shakespeare palẹ̀, èyí tó ṣìkejìdínlógún nínú àwọn sónẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1609, kò sí wàhálà nínú pé ó ní ìlà 14. Ìró rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di iṣu ata yán-an-yàn-an.

Gẹ̀ẹ́sì ń pe sílébù méjì tó jọ ń rìn ní foot. Bí a bá pè é ní “ẹsẹ̀”, àmì ohùn kan péré ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ Ifá, mélòó nínú wa ló sì ń fi àmì sọ́rọ̀? “Ìṣísẹ̀” ni mo fara mọ́. Ìṣísẹ̀ márùn-ún ló wà nínú ìlà kan. Sílébù àkọ́kọ́ fúyẹ́, èkejì wúwo.

Ìwúwo yẹn gan-an ló le. Etí wa ti dá a lóhùn tipẹ́: ẹ wo tíṣà, ẹ wo kọ̀ǹpútà. Ibi tí òyìnbó ti tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ la gbé ohùn òkè sí. Ó wá ń ṣe èèyàn bíi pé kó kúkú pè é ní ohùn òkè. Èmi ò gbà. Ohùn tiwa ló ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Tiwọn, lọ́pọ̀ ìgbà, ìlù ìlà ló ń lù. Orúkọ kan náà fún méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa wá dò-rè-mí kiri inú Shakespeare. Ẹ jẹ́ ká pè é ní “ìtẹ̀mọ́”.

Rhyme ńkọ́? Ìlà kìn-ín-ní parí sí day, ìkẹta sí May. “Ìró ìkangun” bá a mu, àmọ́ ká ṣọ́ra. Fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀rọ̀ Yorùbá, nítorí náà bó bá jẹ́ òun nìkan la ń wò, ilé àti òwe ti bára dọ́gba nìyẹn, etí wo ló máa gbà á? Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka fáwẹ̀lì tí ìtẹ̀mọ́ wà lórí rẹ̀ àti gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Temperate àti date, tó parí ìlà kejì àti ìkẹrin, kò fi bẹ́ẹ̀ kún ojú òṣùwọ̀n lóde òní.

(Summer tí Shakespeare fi olólùfẹ́ rẹ̀ wé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn wa o. Ẹni tó bá fi àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wé eruku ọyẹ́ á gbọ́ èsì.)

Ìlà kẹsàn-án, níbi tí But ti yí ọ̀rọ̀ padà, “ìṣẹ́rí” ni. Méjì ìgbẹ̀yìn, “ìlà ìbejì”. Bí wọ́n ṣe ń kọ bátànì ìró ìkangun ewì náà ni ABAB CDCD EFEF GG. Kò sí C nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, tiwa á wá di ABAB DEDE ẸFẸF GG: G náà ni méjèèjì parí sí.