Àkóràn bakitéríà inú ẹyinjú láti inú ara

Àkóràn bakitéríà inú ẹyinjú láti inú ara jẹ́ àrùn tó máa ń wáyé nígbà tí bakitéríà bá kúrò ní ibòmíràn nínú ara, tó bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tó sì wọ inú ẹyinjú. Orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn ni endogenous endophthalmitis. Kò wọ́pọ̀: nínú 100 àkóràn inú ẹyinjú, bíi 2 sí 8 ni ó ń gba ọ̀nà yìí wá. Síbẹ̀, ó lè fọ́ ojú láàárín ọjọ́ mélòó kan, àkóràn tó bí i sì lè gba ẹ̀mí aláìsàn.

Okùnfà
Ọ̀pọ̀ àkóràn inú ẹyinjú máa ń ti ìta wọlé, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí ọgbẹ́. Ní àgbègbè àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà àti Agége, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ègé irin tó ta sí ojú wẹ́dà tàbí ẹni tó ń lọ irin lè ṣí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó ti inú ara wá kò nílò ọgbẹ́ lójú. Orísun rẹ̀ lè jẹ́ ọyún inú ẹ̀dọ̀, àkóràn inú ọkàn, ti ẹ̀dọ̀fóró tàbí ti ọ̀nà ìtọ̀. Àwọn alárùn àtọ̀gbẹ wà lára àwọn tó tètè máa ń kó o. Lára àwọn bakitéríà tó ń fà á ni Staphylococcus aureus, Streptococcus àti Klebsiella pneumoniae. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló wọ́pọ̀ jù ní ìlà-oòrùn Éṣíà.

Àmì àrùn
Ojú máa ń pọ́n, ó máa ń dunni, ìríran sì máa ń dínkù kíákíá. Ọyún funfun lè hàn níwájú dúdú ojú. Ibà lè wà, ó sì lè má sí. Wọ́n lè ṣì í mú fún Apòló, àrùn ojú pípọ́n tó gba orúkọ rẹ̀ ní ọdún 1969, nígbà tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Apòló sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀, kì í sì í sábà dín ìríran kù púpọ̀.

Ìtọ́jú
Oògùn tí a ń kán sójú kì í wọ inú ẹyinjú tó bó ṣe yẹ. Nítorí náà, dókítà máa ń fa omi díẹ̀ láti inú ẹyinjú àti ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, á sì fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ vancomycin àti ceftazidime sínú ẹyinjú gan-an, pẹ̀lú oògùn tó ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ abẹ máa ń tẹ̀lé e. Ní Ìkẹjà, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASUTH, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ojú. Ọdún 1955 ni ilé ìwòsàn náà bẹ̀rẹ̀, ó sì di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní 2001.

Nígbà tí oògùn kò bá ràn án mọ́
Dókítà kì í lè dúró de èsì àyẹ̀wò kí ó tó fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́; oògùn tó mọ̀ pé ó sábà máa ń ṣiṣẹ́ ni ó máa kọ́kọ́ lò. Ibẹ̀ ni ewu wà. Àwọn Klebsiella kan ń ṣe ẹ́nsáìmù tó ń ba ceftazidime jẹ́. Bí irú wọn bá wà nínú ẹyinjú, ojú lè ti fọ́ kí èsì tó dé.

Lílo oògùn apakòkòrò láìnídìí, tàbí lílo ayédèrú tí agbára rẹ̀ kò pé, ń jẹ́ kí àwọn bakitéríà tó lágbára ṣẹ́kù, kí wọ́n sì máa pọ̀ sí i. Gẹ́gẹ́ bí òfin, oníkẹ́mísì tí kì í ṣe apòògùn kò ní àṣẹ láti ta oògùn apakòkòrò. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á láìsí ìwé dókítà. Ní àgbáyé, irú àkóràn bẹ́ẹ̀ ló pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 1.27 ní ọdún 2019. Nàìjíríà gbé ètò orílẹ̀-èdè rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2017.

Ìdènà
Títọ́jú àkóràn inú ara lásìkò àti kíkápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ń dín ewu náà kù. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, tó ń dùn ún, tí ìríran rẹ̀ sì ń dínkù, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní ọjọ́ náà gan-an.