Kúdẹtì àti Ọkàn Ọmọdé: Ìtàn Ilé-ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọ Kírísítẹ́nì ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílẹ̀ nígbàkígbà tí àwa ọmọ Yorùbá bá péjọ ní ilẹ̀ àjèjì yìí: kí ni àwọn ilé-ìwé ìjọ ṣe fún wa? Àwọn kan nínú wa a ní àwọn ni wọ́n là wá lójú. Àwọn mìíràn a ní àwọn ni wọ́n sọ ọmọ di àlejò ní ilé baba rẹ̀. Apá méjèèjì ni ó ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwa fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé, báwo ni àwọn ilé-ìwé náà ṣe tọ́ ọkàn ọmọdé, èwo sì ni nínú ọ̀nà tí wọ́n lò ni ó so èso? Ìbéèrè náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa yóò di òbí láìpẹ́, àwọn mìíràn yóò sì di olùkọ́. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Dísẹ́ńbà ọdún kan náà ni Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé. Àwọn Sàró, èyíinì ni àwọn ènìyàn wa tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì ti Freetown padà wálé, ni àwọn oníwàásù wọ̀nyí ń tọ̀ lẹ́yìn. Freeman fi William de Graft, ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Gáná lónìí, àti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ní 1843 àwọn méjèèjì dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Bí a bá fẹ́ fi èdè wa pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, a lè pè é ní Ibi Ìtọ́jú Ìjọ Ọmọ-ọwọ́. Orúkọ náà ti fi ohun tí wọ́n ní lọ́kàn hàn: ìwé kíkà kọ́ ni olórí ète wọn, irúgbìn ni wọ́n ń gbìn, wọ́n sì fẹ́ kí ó hù di ìjọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó yé wa jù lọ ni ti Ìbàdàn. David Hinderer kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ní 1851, ó sì mú Anna aya rẹ̀ wá ní 1853. Kúdẹtì ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ìlú ajagun ni Ìbàdàn nígbà náà, kò sì rọrùn fún jagunjagun láti fi ọmọ rẹ̀ lé òyìnbó lọ́wọ́. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ ni ó ṣí ọ̀nà, tí ó fi ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé obìnrin àti Akínyẹlé ọkùnrin, lé wọn lọ́wọ́ ní ọdún 1853 náà. Ilé tí tọkọtaya yìí ń gbé gan-an ni ó di ilé-ìwé. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ń jẹ, níbẹ̀ ni wọ́n ń sùn, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Wọn kò pe Anna ní olùkọ́. Ìyá ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tí a bá ń pè ní ìyá kò lè fi ẹ̀sìn kọ́ni láti orí pèpéle nìkan. Ọmọ yóò rí i nígbà tí ó bá ń bínú, yóò rí i nígbà tí ó bá ń ṣàìsàn, yóò sì mọ̀ bóyá ohun tí ó ń sọ ni ó ń ṣe. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí. Owó àti oúnjẹ tán nílé Kúdẹtì, títí tí wọ́n fi ń ta ohun èlò ilé láti rí ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ. Ní 1865 ni a tó rí ọ̀nà mú Anna gba inú igbó jáde lọ sí Èkó. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà nínú ilé yẹn rí ohun tí ìfẹ́ ọmọnìkejì ń jẹ́, wọn kò sì kà á nínú ìwé.

Wo Daniel Olúbi. Láti inú ilé àwọn olórìṣà ní Abẹ́òkúta ni ó ti wá, ó sì bá àwọn Hinderer lọ sí Ìbàdàn nígbà tí ó ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Nígbà tí wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá ní 1869, Olúbi ni ó gbé ẹrù ìjọ náà rù. Anna kú ní ọdún kejì, ìjọ Kúdẹtì kò sì kú.

Ohun kejì tí ó so èso ni èdè. Ní oṣù Jánúárì 1844 ni Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ìtumọ̀ Ìwé Róòmù rẹ̀ jáde ní 1850, iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì lódindi sì parí ní 1884. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ti gbọ́ láti ẹnu ìyá àti ẹnu àwọn aládùúgbò ni a fi kọ́ ọ. Ọlọ́run ni a pe Ọlọ́run. Àdúrà, àlùfáà àti wòlíì, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ti ń lò tẹ́lẹ̀, ni a mú lò pẹ̀lú. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó kúnlẹ̀ gbàdúrà ní ilé-ìwé kò nílò ògbufọ̀ kí àdúrà rẹ̀ tó yé ìyá àgbà rẹ̀ nílé.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kejì. Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1882 àti ti 1887 mú kí ìjọba Èkó máa fi owó ran ilé-ìwé lọ́wọ́ bí ìdánwò bá ṣe rí. Kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni ó ń mú owó wá, nítorí náà ọjọ́ tí alábẹ̀wò yóò dé ni ojú olùkọ́ ń wò. Kátíkísìmù di ohun tí a ń há sórí bí a ti ń há ìṣirò sórí. Ẹni tí ó bá gbàgbé a jẹ ẹgba. Ọ̀pọ̀ ọmọ gba orúkọ tuntun pẹ̀lú ìrìbọmi, orúkọ tí bàbá sọ wọ́n sì di ohun ìtìjú. Àwọn òbí Mùsùlùmí wà láàrin méjì: bí wọn kò bá rán ọmọ lọ, kò ní mọ̀wé, bí wọ́n bá rán an lọ, wọn kò mọ ẹ̀sìn tí yóò gbé bọ̀. Ohun tí ó bí Ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen ní Èkó ní 1923 nìyí, àwọn náà sì dá ilé-ìwé tiwọn sílẹ̀. Lójú tiwa, ẹ̀sìn tí a fi sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé bí owó ibodè kò tọ́ ọkàn ọmọ. Ó kàn ń kọ́ ọ bí a ti í díbọ́n ni.

Nígbà tí ó di oṣù Jánúárì 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí wọn kò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní 1954 di 811,000 ó lé. Àǹfààní ńlá ni, a kò sì jẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣe Ìyá fún irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀? Ìjọ ṣì ni ó ni púpọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé náà, àmọ́ olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò tó. Ní àwọn ọdún 1970 ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Ní 2001 ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí dá àwọn kan padà. Láti ìgbà náà ni a ti ń jiyàn lórí ẹni tí ó ni ilẹ̀, ẹni tí ó ni ilé, àti iye tí òbí yóò san. A kì í sábà gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè irú ènìyàn tí yóò dúró níwájú àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ohun tí Kúdẹtì fi kọ́ wa nìyí: ìwà ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ni ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ ń kà, èdè tí a fi tọ́ ọmọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ilé-ìwé tí ó bá sì kẹ́gàn ilé ọmọ ti ba ìpìlẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́lé lé lórí. Ẹ̀kọ́ yìí kan onígbàgbọ́, ó kan Mùsùlùmí, ó sì kan àwa tí a wà lókè òkun, tí ó lè jẹ́ pé ilé-ìwé àwọn ẹlòmíràn ni àwọn ọmọ wa yóò lọ. Ẹ má jẹ́ kí a gbé ọkàn ọmọ wa lé ilé-ìwé lọ́wọ́ kí a sì yíjú sẹ́yìn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.