Ẹ̀wà sóyà tó ń wá ajílẹ̀ fún ara rẹ̀: iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ṣe n'Ìbàdàn

Ẹ̀wà sóyà kì í ṣe àjèjì lọ́jà Bódìjà mọ́. Àwọn kan ń fi í ṣe wàrà, àwọn mìíràn ń lọ̀ ọ́ mọ́ ògì ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn iléeṣẹ́ sì ń fún òróró lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: Ìbàdàn yìí kan náà ni wọ́n ti tún irúgbìn rẹ̀ ṣe, tó fi bá ilẹ̀ Áfíríkà mu.

Ọdún 1908 ni wọ́n kọ́kọ́ gbin sóyà wò ní Moor Plantation, n'Ìbàdàn, àmọ́ kò yọrí sí rere. Lọ́dún 1937 ni ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Malayan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lágbègbè Benue.

Náítírójìn wà lára oúnjẹ tí ọ̀gbìn nílò jù lọ. Ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni náítírójìn, síbẹ̀ ọ̀gbìn kò lè dá a lò bẹ́ẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní ràìsóbíà, tó ń gbé inú kókó wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò ẹ̀wà, ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún un. Ẹ̀wà náà yóò sì máa fi ṣúgà bọ́ wọn.

Ibi tí wàhálà wà nìyí: àwọn ẹ̀yà sóyà Amẹ́ríkà tó ń so jìngbìnnì kì í sábà bá kòkòrò ilẹ̀ Áfíríkà ṣe pọ̀. Àfi kí àgbẹ̀ ra kòkòrò tiwọn, tí ooru tètè ń pa, tàbí kó náwó sórí ajílẹ̀. Malayan àti àwọn ẹ̀yà Éṣíà kan ń bá kòkòrò ilẹ̀ wa ṣe, ṣùgbọ́n wọn kì í so púpọ̀.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967 lọ́nà Mọ́níyà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríṣi méjèèjì gba irú lára ara wọn. Wọ́n gbin àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ tí náítírójìn rẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n sì yan àwọn tó yọ kókó dáadáa lára gbòǹgbò, tí wọ́n sì so. TGx ni wọ́n ń pe ìran náà. Ọ̀kan nínú wọn, TGx 1448-2E, ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 1992.

Irúgbìn yìí dín ìnáwó àgbẹ̀ kù, ṣùgbọ́n kò sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá lójú ẹsẹ̀. Púpọ̀ nínú náítírójìn náà ń bá èso lọ sílé. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ kí àgbàdo tó máa tẹ̀ lé e jẹ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dá ewé àti èèpo sóyà padà sínú oko.