Ìdájọ́ Àná, Ẹjọ́ Òní

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ibi tí Jámánì kọ́ ilé wáyálẹ́ẹ̀sì sí ní Kamina. Àwọn fúnra wọn ló bà á jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1914; níbẹ̀ ni wọ́n ti juwọ́ sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé pín Tógò. Ìpín náà dé ilé ẹjọ́ pẹ̀lú.

Apá Gẹ̀ẹ́sì bá Gánà lọ ní 1957. Níbẹ̀, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ di ọ̀ranyàn fún àwọn ilé ẹjọ́ kéékèèké. Tí ilẹ̀ mìíràn, ìmọ̀ràn lásán ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé òfin ni adájọ́ ń wò. Ó máa ń ka ìdájọ́ tí wọ́n ti dá ní Lomé sí, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe òfin. Bí aládùúgbò yín bá jàre ẹjọ́ ilẹ̀ ní Atakpamé, tiyín kò tíì parí. Ẹ mú ìwé ilẹ̀ àti ẹlẹ́rìí yín lọ.