Oògùn Sọ́ńdè-Sọ́ńdè: Ohun Tí A Gbé Mì Tí A Kò Mọ̀

Àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn. Ìtàn bọ́ọ̀lù ti pọ̀, ìtàn ẹni tó jẹ head boy náà ti pọ̀. Èmi fẹ́ kọ ìtàn oògùn hóró kékeré funfun kan tí gbogbo wa jọ gbé mì ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí.

Ṣé ẹ rántí? Bí a bá ti ti ìsìn dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ó tò síwájú ilé ìjẹun, kálukú pẹ̀lú kọ́ọ̀pù omi lọ́wọ́. Mátírọ́ọ̀nù á fi hóró kan sí wa lọ́wọ́, á ní ká la ẹnu kí òun rí i. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí náà ń tò. Daraprim lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n "Sunday-Sunday medicine" la mọ̀ ọ́n sí. Kò korò bíi Nivaquine, kì í sì í yún ni lára. Síbẹ̀, mo jẹ́wọ́ lónìí: ìgbà mìíràn wà tí mo fi tèmi pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, tí mo lọ tu ú dà sẹ́yìn dọ́mítírì. Ẹni tó bá ní òun ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kó dìde lọ́jọ́ ìpàdé ká wò ó.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ọgbọ́n ńlá wà nínú hóró yẹn. Ọgbọ́n náà ni mo fẹ́ ròyìn.

Ọmọ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa. Ẹ mọ àfòmọ́ tó máa ń hù lórí igi obì àti igi kòkó àwọn bàbá wa. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Omi igi ẹlòmíràn ló ń mu. Wàhálà àgbẹ̀ ni bí yóò ṣe gé àfòmọ́ kúrò tí kò ní ṣe igi obì léṣe. Wàhálà kan náà ló dojú kọ ẹni tó ń wá oògùn ibà. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ni kòkòrò ibà ń gbé, ara wa ló ti ń jẹun. Ohun tó lè pa á pọ̀. Èyí tí yóò pa á tí kò ní pa onílé ló ṣọ̀wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù ti wọlé nìyí. Ẹ rántí Biology wa: bí a bá jẹ iṣu pẹ́ lẹ́nu, á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ẹ́ńsáìmù inú itọ́ ló ń sọ ọ́ di ṣúgà. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ohun gbogbo tó lẹ́mìí, kálukú wọn ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí a bá de òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́, iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ìbéèrè wá ni pé: èwo nínú àwọn òṣìṣẹ́ kòkòrò la lè dè tí tiwa ò ní dúró?

Ní àwọn ọdún 1940, George Hitchings ń wá ìdáhùn ní lab ilé iṣẹ́ Burroughs Wellcome ní Tuckahoe, ìpínlẹ̀ New York. Ní 1944, ó gba Gertrude Elion síṣẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ gbọ́ èyí: obìnrin yìí ti ṣe tíṣà sẹ́kọ́ńdìrì rí, kẹ́mísírì ló ń kọ́ wọn. Ó gba dìgírì ní 1937, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kò fẹ́ gba obìnrin sí lab. Kò parí PhD títí ayé rẹ̀. Èrò tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ni pé ohun tó bá fẹ́ bí sí i gbọ́dọ̀ ṣe DNA, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe DNA, àfi kó ní folic acid. Wọ́n wá ń ṣe ayédèrú oríṣiríṣi tí yóò tan òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ, bíi kọ́kọ́rọ́ tó wọ ihò àgádágodo tí kò yí. Nínú iṣẹ́ yìí ni pyrimethamine ti jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Òun náà ni Daraprim.

Ní 1969 ni wọ́n tó fi hàn kedere bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Dihydrofolate reductase lorúkọ ẹ́ńsáìmù tó ń dè. Ó wà nínú kòkòrò, ó wà nínú àwa náà, ṣùgbọ́n wọn ò rí bákan náà. Ìwọ̀n oògùn tó lè dá tiwa dúró fi ìlọ́po tó ju 1,000 lọ pọ̀ ju èyí tó ń dá ti kòkòrò ibà inú èkúté dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi lè gbé hóró kan mì lọ́sàn-án ká sì gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Paludrine tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ní sickle cell ń lò, ẹ́ńsáìmù kan náà ló ń bá jà. Ní 1988, Hitchings àti Elion gba ẹ̀bùn Nobel, àwọn àti James Black.

Ṣùgbọ́n kòkòrò ò sùn o. Kí àwọn ọdún 1950 tó parí, kòkòrò ibà tí Daraprim kò ràn mọ́ ti yọjú ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ́ńsáìmù dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sínú okùn. Bí ẹyọ kan ṣoṣo, ìkejìdínláàádọ́fà, bá ti yí padà, ihò àgádágodo á yí padà, kọ́kọ́rọ́ ayédèrú ò ní wọlé dáadáa mọ́. Bí a bá ń lo oògùn ní ìlò-kò-lò, tí a jẹ díẹ̀ tí a fi ìyókù pamọ́ de ibà mìíràn, ńṣe là ń pa kòkòrò tó rọ̀, tí a ń dá èyí tó le sí.

Wọ́n wá so méjì pọ̀: Fansidar. Pyrimethamine wà nínú rẹ̀, sulfadoxine náà wà níbẹ̀, tó ń de ẹ́ńsáìmù kejì tí àwa èèyàn kò tilẹ̀ ní. Àwa ń rí folic acid nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Kòkòrò lè ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn dára púpọ̀, àmọ́ kòkòrò tún kọ́ èyí náà. Ní 2005, Nàìjíríà yí ìlànà padà sí ACT. Oògùn inú Fansidar ṣì wà ní kíníìkì aláboyún, kí ibà má bàa mú ìyá àti ọmọ. Nítorí náà, Sọ́ńdè-Sọ́ńdè wa kò tíì kú tán.

Ṣé òyìnbó nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni? Rárá o. Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Jonathan Nok ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, onímọ̀ biochemistry ni. Kòkòrò trypanosome ló dojú kọ, èyí tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tó ń fa àrùn oorun fún èèyàn tó sì ń pa màlúù. Ẹ́ńsáìmù kan ń bẹ tó ń jẹ́ sialidase, tó ń ha àmì tó wà lára ẹ̀jẹ̀ pupa kúrò. Bí àmì náà bá ti lọ, ara á rò pé ẹ̀jẹ̀ yẹn ti gbó, á sì run ún fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, ẹran á rù. Nok ṣàwárí jíìnì tí kòkòrò fi ń ṣe sialidase yìí. Ó gba ẹ̀bùn Nigeria Prize for Science ní 2009, ó gba National Order of Merit ní 2010. Ó di olóògbé ní oṣù kọkànlá 2017, ẹni ọdún 55 péré. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù kì í di oògùn lọ́jọ́ kan. Ẹnìkan ní láti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó lọ.

Ta ni yóò gbà á? Àjọ WHO ṣírò pé ní 2022, ìdá 27 nínú 100 ibà gbogbo àgbáyé, Nàìjíríà ló wà. Wọ́n ti rí kòkòrò tó ń bá artemisinin inú ACT jà ní Rwanda àti Uganda. Ọjọ́ ń lọ. Àwọn ọmọ wa kò ní láti dé Tuckahoe. Ágọ̀-Ìwòyè kò jìnnà, níbi tí wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní 1982, tó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Olabisi Onabanjo. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò fojú kan máíkírósíkóòpù ní sẹ́kọ́ńdìrì, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ yìí wà?

Ẹ̀bẹ̀ mi kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ACT, ẹ lò ó tán. Ẹ má fi mẹ́ta pamọ́ de ọmọ-ọmọ. Èkejì, kí owó tí a máa dá lọ́dún yìí kọ́kọ́ lọ sí lab ilé-ìwé wa, ká tó sọ̀rọ̀ ankara àti àga ìjókòó. Èmi ni mo kọ́kọ́ máa san tèmi. Gbèsè ni mo kà á sí, fún gbogbo hóró tí mo tu dà sẹ́yìn dọ́mítírì.

Ọlọ́run yóò jẹ́ ká tún ríra ní àmọ́dún. Àṣẹ.