Ìdákẹ́ Tí Kì í Ṣe Ti Akọrin: Orlando Julius àti Àwo Orin Jaiyede Afro

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Strut tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo orin tuntun kan jáde, wọ́n pè é ní Jaiyede Afro. Orlando Julius Ekemode ló kọrin inú rẹ̀, òun náà ló fọn sáksófóònù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ The Heliocentrics, tí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ibùjókòó wọn, ló bá a lu ìlù, tí wọ́n ta gìtá. Àgbà náà ti tó ẹni àádọ́rin ọdún nígbà yẹn. Bí a bá yọ àtúntẹ̀ sílẹ̀, àwọn àwo rẹ̀ tí ọjà òkèèrè mọ̀ ṣáájú èyí kò kọjá àárín àwọn ọdún 1980. Ẹni tó bá ń fi ọjọ́ tí àwo jáde ka ọjọ́ orí iṣẹ́ olórin yóò ní ó dákẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó tún lajú. Èmi kò gba ìṣirò yìí wọlé. Àwọn tó ń gba orin sílẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń tà á, àwọn ló dákẹ́. Orlando Julius ń kọrin lọ ní tirẹ̀. Bí a bá gba èyí gbọ́, a ò ní lè ka Jaiyede Afro sí jíjí ẹni tó ti sùn mọ́. A ó kà á sí gbèsè tí wọ́n san díẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìkòlé-Èkìtì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1943, ṣùgbọ́n ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀. Ó dé Ìbàdàn nígbà tí kò tíì tó ọmọ ogún ọdún, ó sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ Eddy Okonta, ọ̀gá afunpè háílàìfù tí gbogbo ìlú mọ̀, kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ Modern Aces. Independence Hotel ní Ìbàdàn ni wọ́n ti máa ń ṣeré. Ní ọdún 1965, orin rẹ̀ “Jagua Nana” gba ìlú kan. Orúkọ ìwé ìtàn àròsọ tí Cyprian Ekwensi kọ ní 1961 ló fi pè é. Ní 1966, Philips gbé Super Afro Soul jáde fún un. Nínú àwo kan ṣoṣo yẹn, “My Girl” tí àwọn Temptations kọ́kọ́ kọ ní Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, “Ijo Soul” wà níbẹ̀, àwọn orin Yorùbá bí “Olulofe” náà sì wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwo yìí, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣe ní 1966 kò lè mọ ohun tó padà wá parí ní 2014. Àwọn kan sọ pé James Brown, olórin soul ti Amẹ́ríkà, ni ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn yìí ń sín jẹ. Lóòótọ́, ẹni tó bá gbọ́ “Ijo Soul” lẹ́yìn tó ti gbọ́ “I Got You”, tí James Brown gbé jáde ní 1965, yóò rí i pé fèrè méjèèjì mọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ibi tí ohùn ènìyàn ti bọ́ sí i. Lílé ni akọrin ń lé, fèrè ló ń gbè é. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí olórin soul ti Amẹ́ríkà yóò ti kígbe, Orlando Julius á fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àwọn afunpè, wọ́n á dá a lóhùn bí ègbè ṣe ń dá apohùn lóhùn. Ìlù kò sì fi ìrìn háílàìfù sílẹ̀. Ó mú ohun tó wù ú nínú soul, ó fi í sílé tó ti wà ní ìdúró tẹ́lẹ̀. Èyí sì jẹ́ nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú kí Fela tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orin tirẹ̀ ní Afrobeat. N kò sọ èyí láti gba adé lórí Fela. Mo sọ ọ́ nítorí pé ìtàn orin wa máa ń tò sẹ́yìn orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ilé ijó Ìbàdàn àti Èkó nígbà náà kún fún ọlọ́pọlọ tó ń gbọ́ orin ara wọn lóròòru. Geraldo Pino láti Sàró náà wà lára wọn, soul ló fi mi Èkó tìtì.

Ní 1974, Orlando Julius lọ sí Amẹ́ríkà. Ó bá Hugh Masekela, afunpè ará Gúúsù Áfíríkà, ṣiṣẹ́ pọ̀. Disco Hi-Life jáde ní 1979. Ní 1998, òun àti ìyàwó rẹ̀, Latoya Aduke, tó máa ń bá a kọrin, kó padà wá sílé. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìgbà kankan nínú gbogbo èyí tí ó kọ́ fèrè rẹ̀ sára ògiri.

Kí ló dé nígbà náà tí àwo rẹ̀ fi wọ́n? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tí a kì í sábà kà mọ́ orin: àwo orin jẹ́ ọjà tí a ń ṣe ní ilé-iṣẹ́. Rọ́bà ni, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò rẹ̀ sì ń ti òkè òkun wá. EMI, Decca àti Philips ló di ọ̀pọ̀ nínú òwò náà mú nílẹ̀ yìí. Nígbà tí ìjọba ológun ṣe òfin ní 1972, tí wọ́n tún fi òmíràn lé e ní 1977, pé kí àwọn àjèjì fi ìpín ilé-iṣẹ́ lé ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́, ó dà bí ẹni pé ìgbà tiwa ti dé. Àwọn olórin kan ti rìn ṣáájú òfin náà: Haruna Ishola àti I. K. Dairo ti dá STAR Records sílẹ̀ ní 1969. Decca padà di Afrodisia, Polygram, tó jẹ́ Philips tẹ́lẹ̀, di Premier, EMI di Ivory Music. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP dé ní 1986, náírà já wálẹ̀, owó ohun èlò fò sókè. Kásẹ́ẹ̀tì ti gbòde, àwọn tó ń jí i dà kọ kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ, ẹ̀rọ tí ń tẹ àwo rọ́bà ti ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Háílàìfù àti soul, tó jẹ́ pé afunpè mẹ́rin tàbí márùn-ún, onígìtá àti onílù gbọ́dọ̀ wọ sítúdíò pọ̀ ní ọjọ́ kan náà, ni ìyà yìí kọ́kọ́ jẹ, nítorí òun ni owó rẹ̀ pọ̀ jù. Fújì rí ọ̀nà là á já nípa kásẹ́ẹ̀tì. Orin ẹ̀mí náà rí ọ̀nà tirẹ̀.

Ìjù ni mo ti ń kọ èyí, ní ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń kó ọjà jáde láti Ọ̀tà àti Sàngó tọ̀sán tòru. Ará àdúgbò wa kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí iná ẹ̀rọ bá kú ní ilé-iṣẹ́ kan, tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ sílé, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà ti gbàgbé iṣẹ́. Síbẹ̀, ohun tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin ń sọ nípa olórin gan-an nìyẹn. Ohun mìíràn tún wà tí Ìjù fi hàn mí. Àwọn fèrè tó kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì kò kúrò nílùú. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀. Nítòsí wa níhìn-ín ni Canaanland, ibùdó ìjọ ńlá kan, wà, tí ilé ìsìn rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1999 gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ènìyàn. Àwọn ìjọ kéékèèké sì pọ̀ yí i ká. Lọ́jọ́ Àìkú, tàbí níbi ìsìnkú àgbà, sáksófóònù àti tròmbóònù ń dún ní ojú pópó Ìjù, àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń fọn wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ orin ìyìn yẹn ni mo ti ń gbọ́ ìrìn háílàìfù àti igbe soul. Ẹni tó bá ka orin yìí sí òkú ní ọdún 1990 kò tíì jókòó sínú ìsìn kan títí ó fi parí.

Ó yẹ ká gbọ́ Jaiyede Afro fúnra rẹ̀ wàyí. Malcolm Catto tó ń lu ìlù àti Jake Ferguson tó ń ta gìtá olóhùn-ìsàlẹ̀ ló ṣáájú The Heliocentrics. Wọ́n ti bá Mulatu Astatke ti Ethiopia ṣe àwo kan fún Strut ní 2009, nítorí náà wọn kì í ṣe àjèjì sí bíbá àgbà Áfíríkà jókòó. Sítúdíò wọn ní Lọ́ńdọ̀nù kún fún ẹ̀rọ àtijọ́, orí téèpù ni wọ́n sì ti gba orin náà sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún àríyànjiyàn mi ni pé púpọ̀ nínú àwọn orin náà kì í ṣe orin tuntun. Láti ìgbà èwe Orlando Julius ni ó ti ní wọn lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbà wọ́n sílẹ̀ fún un. “Omo Oba Blues”, “Sangodele”, “Aseni”: ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń pè wọ́n, láìkánjú, bí ẹni tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa balẹ̀ sí láti ọjọ́ pípẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló gùn ju ohun tí ojú kan àwo kékeré ti àwọn ọdún 1960 lè gbà, èyí tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ní ilé ijó, orin kan lè gba ìdajì wákàtí. Ilé-iṣẹ́ a gé e kúrú kí ó lè wọ inú àwo. Fún ìdí èyí, Jaiyede Afro sún mọ́ ohun tí àwọn èèyàn gbọ́ ní Independence Hotel ju ọ̀pọ̀ àwo kékeré tí wọ́n tẹ̀ ní àkókò náà gan-an lọ. “In the Middle” ti James Brown náà wà nínú rẹ̀. Ìṣe 1966 ló tún ṣe ní gbangba, láìfi bò: ó mú orin ẹlòmíràn, ó fi ìrìn tirẹ̀ rìn ín.

Mo mọ ohun tí alátakò á sọ. Wọ́n á ní àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ra àwo àtijọ́ ló pinnu bí àwo yìí ṣe gbọ́dọ̀ dún, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lo téèpù àti ẹ̀rọ ọdún gbọ́ọ̀rọ̀, pé Nàìjíríà ti 2014 kò sí nínú rẹ̀. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ló tún Super Afro Soul tẹ̀ fún ayé gbọ́ ní àwọn ọdún 2000, ọjà àwọn tó ń kó àwo àtijọ́ jọ yẹn ló sì ṣílẹ̀kùn fún àwo 2014. Bí kò bá sí wọn, bóyá ni a ó ní àwo kankan láti jiyàn lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó sítúdíò kò di ẹni tó ni orin. Ohùn, èdè, ìrìn fèrè àti ètò lílé òun gbígbè inú àwo náà ti Ìbàdàn ni wọ́n. Ohun tó dùn mí ni pé láti ọdún 1998 tí ọkùnrin yìí ti padà sílé, ọdún mẹ́rìndínlógún kọjá kí téèpù kan tó yí fún un lọ́nà tí ayé fi gbọ́, ìyẹn náà sì di Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹnìkan wà tí nílé níbí ni wọ́n ti ṣe àwo tirẹ̀. Fatai Rolling Dollar bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ọdún 1950 pẹ̀lú J. O. Araba, Ebenezer Obey sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Rolling Dollar. Ó pẹ́ gan-an tí a kò gbọ́ àwo rẹ̀, títí Jazzhole, ilé ìtàwé àti àwo orin ní Awolowo Road, Ìkòyí, fi gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000. “Won Kere Si Number” sọ ọ́ di ààyò àwọn ọ̀dọ́ nígbà tí ó ti ń súnmọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Títí ó fi kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2013 ni ó ń ṣeré. Ilé ìtàwé kan ló ṣe ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò ṣe, nítorí pé ẹnìkan níbẹ̀ gbà pé orin àgbà náà ṣì wà láàyè. Ẹ fi àwọn àgbà méjèèjì wé D’Angelo, olórin soul ọmọ Amẹ́ríkà, tí Black Messiah rẹ̀ jáde ní ọdún 2014 kan náà, lẹ́yìn ọdún 14 tí ó gbé Voodoo jáde. Sítúdíò wà fún D’Angelo, ilé-iṣẹ́ ń dúró dè é. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló fà á tó fi pẹ́. Bí a bá fi orúkọ kan náà pe ìdúró méjèèjì, a ti fi ìyà àwọn àgbà tiwa pamọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin, òun náà sì wúwo. Òfin Nàìjíríà ti 1988 fún ẹni tó ni ìgbàsílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ fún ọdún 50. Orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ohùn àti ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ṣẹ̀dá, ní ẹ̀tọ́ títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀. Òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023 kò dín iye yìí kù. Èyí já sí pé ìgbàsílẹ̀ Super Afro Soul ti bọ́ kúrò lábẹ́ ààbò nílé ní òpin 2016, nígbà tí ọkùnrin náà ṣì wà láàyè. Orlando Julius kú ní oṣù Kẹrin 2022. Àwọn orin tó ṣẹ̀dá yóò wà lábẹ́ ààbò títí di òpin 2092. Ìgbàsílẹ̀ Jaiyede Afro yóò wà lábẹ́ ààbò títí di òpin 2064 nílé, àti títí di òpin 2084 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ọdún 70 ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Orin tí wọn kò gbà sílẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ kò ní ìgbàsílẹ̀ kankan tí òfin lè dáàbò bò, kò sì ní ohun tí ọmọ lè gbé lọ sí kóòtù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tako àwọn tó ka irú àwo bẹ́ẹ̀ sí eré ìrántí lásán. Ó ń fi ìwé ẹ̀rí sí abẹ́ orin tí kò ní ìwé rí.

Nítorí náà, nínú àkójọ orin ilẹ̀ wa, ọjọ́ méjì ló yẹ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin kọ̀ọ̀kan nínú Jaiyede Afro: ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ìgbà tí Orlando Julius kọ́kọ́ ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìkejì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin gbọ́dọ̀ lọ wá, lọ́dọ̀ àwọn tó bá a fọn fèrè ní Ìbàdàn tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí wọ́n sì gba orin tiwọn náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó tì wọ́n.