Ojú Lọ̀rọ̀ Ọmọdé Wà: Iṣẹ́ Wẹ́fíà ní Rẹ́mọ

Ní Ìperu àtijọ́, agboolé ló ń ṣọ́ ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bá nà ju bó ṣe yẹ lọ kò ní í sá jìnnà kí ìyá àgbà kan tó gbà á sílẹ̀. Nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó múlé gbè wá, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, tíṣà di olùṣọ́ kejì. Òfin ló tẹ̀ lé e: ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ní 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2006.

Orí àwọn olùṣọ́ wọ̀nyí ni iṣẹ́ àwa wẹ́fíà, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ààbò ọmọdé, dúró lé. Tíṣà ló máa ń kọ́kọ́ pè mí: ọmọ kan kò lè jókòó dáadáa lórí bẹ́ǹṣì, òmíràn ń sùn ní kíláàsì ní gbogbo òwúrọ̀. Màá lọ sílé wọn, màá kí àwọn àgbà tán, màá wá ní kí ọmọ náà sìn mí dé títì. Ojú ọ̀nà yẹn ni mo ti ń gbọ́ òótọ́.

Ọdún 2020 gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ará Ítálì tó kọ́kọ́ ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà ti dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ wa kí àyẹ̀wò tó fi hàn ní 27 oṣù kejì. Oṣù kẹta ni wọ́n ti ilé ìwé pa. Ní 29 oṣù náà, Ààrẹ Buhari kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Abuja àti Ògùn. Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún, ọmọ Ìperu, tọrọ àkókò díẹ̀ kí aráàlú lè wá oúnjẹ sílé. 3 oṣù kẹrin ni tiwa bẹ̀rẹ̀. Tíṣà tú ká, àwa náà kò rọ́nà jáde bí a ṣe fẹ́. Ìjọba gbé ẹ̀kọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kì í rí ojú akẹ́kọ̀ọ́.

Fóònù nìkan ló kù, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ló sì ni ín, nígbà mìíràn ẹni tí ọmọ ń sá fún gan-an. Mo ń bá ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. Bí mo bá bi í ní nǹkan, á dákẹ́, màá gbọ́ ohùn àgbàlagbà tó ń sọ ọ́ sí i létí, kí òun náà tó wí i. Mo yí ọ̀rọ̀ sí iṣẹ́ ilé ìwé, mo wá pe ìyá kan ní àdúgbò wọn pé kó lọ tọrọ iyọ̀ níbẹ̀. Ohun tí ìyá yẹn rí ló jẹ́ kí a tètè gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀.

Láti ìgbà náà, fóònù wà fún mímọ̀ bóyá ewu wà nílẹ̀ báyìí. Ohun tí ọmọ lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá dáhùn la máa ń bi í: ṣé o dá wà? ṣé o ti jẹun? ṣé kí n máa bọ̀? Ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ di ojúkorojú. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 sọ tẹnu rẹ̀ nílé ẹjọ́ láìbúra, àmọ́ ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí ọmọ lẹ́nu lórí fóònù lè ba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Nàìjíríà nígbà náà, Mohammed Adamu, ní ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ 717 ló dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá láàárín oṣù kìíní sí ìkarùn-ún. Àwọn tó ráàyè sọ nìyẹn.

Fóònù ti di ara iṣẹ́ wa, kò sì ní í kúrò. Ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò àgbà tó wà nítòsí. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gba nọ́ńbà àgbà méjì tí kì í gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì yín, kí wọ́n tó tún ti ilé ìwé pa lọ́jọ́ mìíràn.